Láti Ẹní dé Fitafóòmù: Ọgọ́ta Ọdún Iléeṣẹ́ Kan

Ní ọdún 2022, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní Ifẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Iléeṣẹ́ Vitafoam ti pé ọgọ́ta ọdún o. Ṣé ẹ ò ní kọ nǹkan kan fún wọn ni?" Ẹ̀rín pa mí. Mi ò bá wọn ta fóòmù rí, mi ò sì ní ìpín kankan níbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kó lọ bi àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, tí mo na ẹ̀yìn nínú ilé mi níbí ní Ìpetumodù, mo wo ara mi: orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, fóòmù ni mo sùn lé, mo gbé orí lé ìrọ̀rí. Nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìrọ̀rí nìkan ni bàbá bàbá mi mọ orúkọ rẹ̀. Mo dìde, mo tan iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni màá fi yẹ́ wọn sí, ìyẹn ni pé màá wo ohun tí orúkọ wọn ti dà lẹ́nu wa.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1962 ni wọ́n forúkọ Vitafoam Nigeria sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Òmìnira ò tíì pé ọdún méjì nígbà náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 244 péré, nínú ọgbà tí wọ́n fi tirẹ̀ pamọ́ sí ní Ìbàdàn. Oṣù Kìíní ọdún 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí èmi náà wọ yunifásítì, ohun tí mo bá nínú yàrá ni bẹ́ẹ̀dì onírin àti fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ní ibi tí mo lè pè ní bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá gbé Awo Hall tàbí Fajuyi rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ Vitafoam ti wá. Ní 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní agbègbè Manchester. Èdè Látìn ni vita, ìyè ló túmọ̀ sí. Wọ́n fi orúkọ náà dá èyí tiwa sílẹ̀ níbí, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ní 1978 ó wọ ọjà ìpín ìdókòwò, ní àsìkò tí òfin 1977 ń fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà ní ọwọ́ nínú iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti òyìnbó. Lónìí, Vono, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Vono yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni a ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń túmọ̀ máa ń fi dípò bẹ́ẹ̀dì nínú ìwé ni ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibùsùn kì í ṣe orúkọ ohun kan tí èèyàn lè rà ní Ìbàdàn kó sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ibi tí a ń sùn ni, bí ibùgbé ṣe jẹ́ ibi tí a ń gbé, tí ibùjókòó jẹ́ ibi tí a ń jókòó, tí ibùdó sì jẹ́ ibi tí a dó sí. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyá mi á tẹ́ ẹní, ibẹ̀ di ibùsùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ká ẹní, á fi ti ògiri, ibẹ̀ di ibi tí a ti ń jẹun, tí àlejò ń jókòó sí, tí àwa ọmọ ti ń ka ìwé. Ẹní ló ní orúkọ tirẹ̀, nítorí òun ni nǹkan tí ọwọ́ lè gbá mú.

Bẹ́ẹ̀dì ò ṣeé ká. Ó dé, ó jókòó sójú kan, ó gba ìdajì yàrá, ó sì ń wò wá tọ̀sán-tòru. Ohun tí kì í kúrò nílẹ̀ ń fẹ́ orúkọ tí kì í kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi yá ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí mo kọ́ á rántí pé mi ò bá wọn pé ọ̀lẹ ló ń yá ọ̀rọ̀. Ẹ tún wo ohun dáadáa kan tó ṣẹlẹ̀: nígbà tí bẹ́ẹ̀dì dé, a ò yá ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ẹní ni a fún un. Títí di òní, à ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ìgbà tí a ń tẹ́ ẹní. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ká bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì ìwà ẹní ló bá bẹ́ẹ̀dì lọ, ìdajì kejì dúró sẹ́yìn.

Ó tó ọdún mélòó kan tí Vono fi wà létí mi kí n tó mọ Vitafoam. Ní Tipton ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin tó ní sípíríǹgì tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, Múṣin ni iléeṣẹ́ Vono Products wà nígbà náà. Èdè Yorùbá ò ní ìró v. Bí ọ̀rọ̀ tó ní v bá dé, f ni a sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀: Dáfídì, Éfà, tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, torí dẹ́rẹ́bà mú b. Vono mú f ní tirẹ̀. Ohùn ńkọ́? Sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn òkè ni a máa ń gbé lé e, a ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ parí ọ̀rọ̀: mọ́tò, fótò, tábìlì. Báyìí ni Vono ṣe di fónò, tó wọ agbo wọn bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Foam ní ìṣòro mìíràn. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà a ní láti wá fáwẹ̀lì kún un. Èwo nínú wọn? Bó bá jẹ́ ètè la fi pe kọ́ńsónáǹtì tó kẹ́yìn, u ló máa ń jẹ́: fíìmù, páìpù, kọ́ọ̀pù, fóòmù. Bí kì í bá ṣe ètè, i ló sábà máa ń jẹ́: bẹ́ẹ̀dì, báàgì, gíláàsì. Ẹ lọ gbé ọ̀rọ̀ tuntun kan ka iwájú ìyá arúgbó tí kò wọ ilé ìwé rí, kò ní ṣì í. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún níwájú pátákó láti ṣàlàyé ohun tí ìyá mi ń ṣe láìronú.

Kò pẹ́ tí fónò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní agboolé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ ra ọ̀kan, a sì ń lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo ìyàwó tuntun. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn gbé bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà. Fónò la pe ìyẹn náà. Kò sí lẹ́tà V kankan lára rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà Múṣin. Fóòmù tó bá wọlé, láti ibikíbi tó ti wá, fitafóòmù ni. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ni Omo, ohun ìfọyín sì ni makilíìnì, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí ara ike rẹ̀. Ọ̀kadà tiẹ̀ rìn jù wọ́n lọ: orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, ó di orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ó wá di alùpùpù tó ń gbé wa lọ sọ́jà.

Onímọ̀ èdè á wo èyí, inú rẹ̀ á dùn. Inú tèmi náà ti máa ń dùn sí i, títí di ọjọ́ kan ní nǹkan bí ọdún 1994.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi, apá òsì rẹ̀ ò gbé mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó sọ fún wa pé ká máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, ká sì wá fóòmù tó nípọn tó sì le dáadáa, kí egbò má baà yọ sí i lára. Owó ò sí lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ọdún yẹn mọ̀ pé owó oṣù máa ń rìn bí ìgbín. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń tajà fọwọ́ lu fóòmù kan, ó ní, "Fitafóòmù nìyí, Alàgbà. Fitafóòmù tó dáa." Mo bi í ní iye owó rẹ̀. Mi ò bi í ní ohun mìíràn. Èmi tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí mo fi sanwó.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àárín fóòmù náà ti rì bí ọpọ́n. Ibi tí ìdí bàbá mi máa ń wà, pákó bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn án. Egbò yọ sí i ní ìbàdí. Ìyá mi fa fóòmù náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká aṣọ nípọn-nípọn, ó tẹ́ ẹní lé e. Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ fún ìyá mi nígbà tí wọ́n gbé e padà: "O ṣeun. Èyí ni mo mọ̀."

Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn pẹ̀lú ìbínú. Kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Alàgbà, ṣé ẹ bi mí ní orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é ni? Fitafóòmù ni mo pè é. Kí ni ẹ̀yin ń pè é nílé yín?" Mo dákẹ́. Bí a bá fi òye èdè wò ó, kò purọ́. Fóòmù náà kì í ṣe ti Vitafoam rárá, kò tilẹ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu gbogbo wa ní àgbègbè yìí, fitafóòmù ni. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni mo sanwó rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ mọ ohun tó wà nínú fóòmù. Bàbá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leverkusen rí i ní 1937. Àmọ́ ó di àwọn ọdún 1950 kí wọ́n tó máa ṣe èyí tó rọ̀ tó ṣeé sùn lé. Ká tó ní ìyẹn, oje igi rọ́bà ni wọ́n ń lù títí tó fi ń hó. Nínú ti Bayer, oògùn olómi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Polyol lorúkọ ọ̀kan, isocyanate ni èkejì. Wọ́n á fi omi díẹ̀ sí i. Isocyanate àti omi á bá ara wọn jà, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á jáde, ìyẹn ló ń wú àdàlù náà sókè bí ìwúkàrà ṣe ń wú búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó jẹ́ omi pẹrẹsẹ lójú ẹ̀rọ á ti di òkìtì tó ga. Inú rẹ̀ á gbóná gan-an. Wọ́n ní láti fi sílẹ̀ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé e, torí bí wọ́n bá ṣi ìwọ̀n pò, àárín rẹ̀ lè jóná, ó tilẹ̀ lè gbiná.

Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú fóòmù. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí n bi ọkùnrin yẹn ni pé: èròjà mélòó ló wà láàárín afẹ́fẹ́ náà? Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé, ẹ fojú inú wo àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga. Bí fóòmù tó kún inú rẹ̀ bá wọn kílò 20, 20 ni wọ́n á pè é. Bó bá wọn kílò 30, 30 ni. Fóòmù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó fẹ̀ ní mẹ́rin àti ààbọ̀, tó sì nípọn ní ínǹṣì mẹ́jọ, tó ìdajì àpótí yẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé 30 ni, ó yẹ kó wọn nǹkan bíi kílò 15. Bí ẹ bá gbé e tó fúyẹ́ bí kílò mẹ́jọ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn aláìṣòótọ́ ti mọ̀ pé à ń gbé fóòmù wò. Wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun sínú àdàlù, á wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní lágbára láti gbé èèyàn. Ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka dé ogún, kí ẹ wá dìde. Èyí tó dáa á tètè padà sípò. Èyí tí wọ́n fi ẹfun sí á lọ́ra, bí ẹ bá sì fi ìka họ ibi tí wọ́n ti gé e, ó lè máa bu lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí nǹkan ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láti wá kàn.

Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjì. Kí orúkọ iléeṣẹ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò, iyì ńlá ni; owó ìpolówó ò lè rà á. Ṣùgbọ́n ó lè gba orúkọ náà lọ́wọ́ onílé pátápátá. Iléeṣẹ́ tí Otto Bayer ń bá ṣiṣẹ́, tí orúkọ òun pẹ̀lú rẹ̀ kàn bára mu lásán láìjẹ́ pé wọ́n bára tan, mọ ìyẹn dáadáa. Àwọn ló sọ oògùn kan ní Aspirin. Gbogbo èèyàn ń pe gbogbo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní aspirin, títí tí ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 1921 pé, létí aráàlú, ọ̀rọ̀ lásán ló ti dà, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. Adájọ́ yẹn kì í ṣe onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ohun tó wò náà ni à ń wò: kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó ń rajà?

Nítorí náà, bí mo bá ń kí Vitafoam kú oríire ọgọ́ta ọdún, kì í ṣe nítorí pé a sọ orúkọ wọn di tiwa. Àwa la ṣe ìyẹn. Ohun tí mo ń kí wọn fún ni pé wọ́n ṣì ń kọ orúkọ náà mọ́ ọjà wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ń jẹ lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òkè òkun ni àwọn èròjà wọ̀nyẹn ti ń wá, gbogbo ìgbà tí náírà bá ṣubú ló ń kàn wọ́n, láti 1986 títí di òní. Ó rọrùn fún iléeṣẹ́ láti bu èròjà kù nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, kó sì fi afẹ́fẹ́ dí i. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kógbá sílé.

Ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé, ní ìlú tiwa yìí, àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ta ni kò mọ ìkòkò Ìpetumodù? Kò sẹ́ni tó lè ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún fún ẹbu kankan, nítorí kò sí ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ìkòkò bá là lórí iná, a mọ agboolé tí a ó gbé àfọ́kù rẹ̀ lọ. Ojú ló ń ṣe iṣẹ́ orúkọ níbẹ̀. Fóòmù ti Ìkẹjà wá, n kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọn létí nìkan ni mo ní.

Lẹ́yìn tí bàbá mi lọ tán, mo ra fóòmù fún ìyá mi, èyí tí mo ka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sanwó. Ó yìn mí, ó gbàdúrà fún mi, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e. Nígbà tí mo tún wá, mo bá a lórí ẹní ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àlejò lòun ń tọ́jú fitafóòmù dè. Ọdún mọ́kànlá ni fóòmù náà fi dúró, kò sì rì.

Ọmọ ọmọ mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa gbọ́ nígbà tí ìyàwó mi ń sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó gbé fitafóòmù síta kó sá a sóòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó fi eyín òkè tẹ ètè ìsàlẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, kì í ṣe f o. V ni. Vvv. Vitafoam." Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Kí ni mo wá pè yẹn? Fitafóòmù náà kọ́ ni mo pè?"